Akúrẹtẹ̀ Ẹnu Ọ̀nà Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi í bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wí; ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òwe náà yóò yí ojú padà tí yóò kọjú sí èmi fúnra mi, n kò fura rárá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ. Ọkọ̀ tí mo ń wí kò rìn mọ́. Ó ti kú, a kò sì sin ín. Ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ọdún dé ọdún, koríko hù gba inú rẹ̀ jáde, adìyẹ sì ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Akúrẹtẹ̀ ni à ń pè é. Kò sí ìlú tí kò sí. Bí ẹ bá gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé yìí nísinsìnyí, bóyá ẹ ó rí ọ̀kan láti ojú fèrèsé yín.

Ní ọdún 2019, àdúgbò kan ní Tánkẹ̀, ní ìlú Ìlọrin, ni mo ń gbé, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àti ayálégbé ibẹ̀. Ilé kẹta sí tiwa ni bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń gbé. Níwájú ilé rẹ̀, ní etí títì gan-an, ni Peugeot 504 kan wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Kò ní táyà, kò ní gíláàsì iwájú, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti fi ẹ̀yìn rìn padà. Àwọn tí ń kọjá lóru a máa da pàǹtírí sínú rẹ̀, ológbò sì fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé.

Mo kọ ìwé sí bàbá náà ní orúkọ ẹgbẹ́, ìwé tí ó ta lẹ́nu bí ata. Ọjọ́ 21 ni a fún un. Nígbà tí mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó kà á tán, ó ká a, ó sì wí fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọ̀gá akọ̀wé, ọkọ̀ yìí ni mo fi gbé ìyá àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ tí ó fẹ́ bí àkọ́bí wa. N óò tún un ṣe. Mẹkáníìkì ń bọ̀." Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, láti ìgbà tí mo ti dé àdúgbò yìí ni mẹkáníìkì náà ti ń bọ̀." Àwọn tí ó dúró tì wá bú sí ẹ̀rín, inú mi sì dùn pé ọ̀rọ̀ mi dẹ́rìn-ín pa wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ 21 pé, a pe àwọn tí ń wọ́ ọkọ̀. Bàbá náà dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀, kò sì wí ohunkóhun títí wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà dé ìkòríta tí ojú wa kò rí i mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn bí ẹni tí ó ti ogun bọ̀ tí ó sì ṣẹ́gun.

Kí á tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ibi tí gbogbo òkú ọkọ̀ wọ̀nyí ti wá. Ọdún 1906 ni a la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò yàtọ̀ sí ìjòyè. Nígbà tí ó di ọdún 1975, owó Údójì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Olùkọ́ ra ọkọ̀, akọ̀wé ra ọkọ̀, nọ́ọ̀sì ra ọkọ̀. Ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ènìyàn sọ ní Ìjàpá kún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀, iye owó náírà wá sílẹ̀, owó àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì gun òkè. Ọkọ̀ tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò láti òkèèrè. Tòkunbọ̀ ni ó kù tí ọwọ́ lè tó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú nígbà náà a wò ó, a sì wí ní ọkàn rẹ̀ pé, "Bí mo bá ta èyí, n kò lè ra òmíràn mọ́." Nítorí náà ni ó ṣe ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ó ń dúró de ọjọ́ tí owó yóò dé. Ìrètí wà lára ohun tí ó ń gbé akúrẹtẹ̀ ró ní ojú ọ̀nà wa. Èyí ni n kò rò nígbà tí mo ń kọ ìwé sí bàbá Tánkẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 yìí kan náà, mo lọ sí ilé fún ọdún Kérésìmesì. Òkè-Bùkún ni ilé wa, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kábà/Bùnú, ní ilẹ̀ Ọ̀kun. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá, kí ó mọ̀ pé ìkíni wa ni ó di orúkọ wa: "Ọ̀kun o" ni a fi ń kí ara wa, àwa Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ni gbogbo ènìyàn fi ń pè wá ní Ọ̀kun. Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbé Ìlọrin títí di òní.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé, gbogbo ẹbí jókòó ní ìta, mo sì ń ròyìn iṣẹ́ akin tí mo ṣe ní Tánkẹ̀. Mo sọ bí mo ti kọ ìwé, mo sọ bí mo ti dá bàbá náà lóhùn, mo sọ bí ọ̀nà wa ti mọ́ tónítóní. Àbúrò bàbá mi obìnrin wà níbẹ̀, àwa ọmọ ilé a máa pè wọ́n ní Ìyá. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o káre. Ìgbà wo ni àwọn tí ń wọ́ ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá wọ́ ti bàbá rẹ?" Ẹ̀rín sọ ní agbo. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu mi gbẹ.

Ọkọ̀ bàbá mi! Lọ́rì Mercedes ni, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní 911. Ọdún 1984 ni bàbá mi rà á. Iṣu àwọn àgbẹ̀ Bùnú ni ó fi ń kó lọ sí Kábà, Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin. Lórí pákó iwájú rẹ̀, ó ní kí akunlé kan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé: OHUN A BÁ FẸ̀SỌ̀ MÚ. Bí ó bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a ti máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ kí a tó rí i, àwa ọmọ a sì sáré jáde láti gba búrẹ́dì tí ó bá rà bọ̀. Owó lọ́rì yìí ni ó rán mi ní ilé-ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ní ọdún 2008 bàbá mi kú. Lọ́rì náà dúró síwájú ilé, ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí kẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè gbà wọ agbolé wa àti agbolé mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn tiwa.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí a sin bàbá mi tí oníbàárà kan dé láti Lọ́kọ́ja. Ó gun orí lọ́rì, ó wo ẹ́ńjìnnì, ó ní òun yóò san N350,000. Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyá àgbà bí ọmọ márùn-ún; ìyá tèmi bí èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó jẹ́ àkọ́bí bàbá wa ní kí á ta lọ́rì náà, kí á pín owó rẹ̀ ní orí-ò-jorí, kí olúkúlùkù ọmọ mú ìdá kan nínú méje. Èmi tí mo ka ìwé, mo dìde, mo ní rárá, ìdí igi ni àṣà Yorùbá: ìdajì fún ọmọ ìyá àgbà, ìdajì fún ọmọ ìyá tèmi. Mo tilẹ̀ mú ẹjọ́ wá fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Mo sọ fún wọn nípa ẹjọ́ ìdílé Dáwódù ní Èkó, ti ọkùnrin kan tí ó kú tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, tí ẹjọ́ ogún rẹ̀ lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn onídàájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Wọ́n dá a pé àṣà ìdí igi kò tíì kú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n wí síwájú sí i pé bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, olórí ẹbí ní agbára láti ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in, kí àlàáfíà lè wà. Apá kejì yìí ni n kò kà sí ẹbí mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi kò ka ìwé òfin. Ó wò mí, ó dákẹ́. Oníbàárà bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni lọ́rì ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Olè kọ́kọ́ yọ bátìrì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni rédíétọ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí kòkòrò ń jẹ obì. Òjò ń rọ̀ sínú àwọn táyà tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, omi sì ń dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí mọ̀ pé nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tí à ń pè ní Aedes fẹ́ràn láti yé ẹyin sí, àti pé bí ojú ọjọ́ bá gbóná, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni ẹyin náà fi ń di ẹ̀fọn tí ń fò. Ẹ̀fọn yìí wà lára àwọn tí ń gbé ibà apọ́njú kiri. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n rí àìsàn náà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Mo ka ìròyìn náà ní Ìlọrin, mo sì rán owó sí ilé kí wọ́n fi ra àpò ìsùn. N kò rántí táyà bàbá mi.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Ó ní àgbàrá ń ba ọ̀nà jẹ́ nítorí lọ́rì. Ó ní kí á jẹ́ kí òun kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kí wọ́n tì í wọ inú àgbàlá, kí ọ̀rọ̀ ogún dúró bí ó ti wà. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tí ó bá sún lọ́rì, òun ni yóò di olówó rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn án títí n óò fi dé." Ó ní, "Ó dára." N kò sì lọ.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní agbolé tí ó wà lẹ́yìn tiwa bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Ìrọbí náà kò lọ déédéé. Àwọn ìyá tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí Kábà. Ọkọ rẹ̀ sáré lọ jí onímọ́tò kan, ọkọ̀ dé, ó dé ẹ̀gbẹ́ lọ́rì bàbá mi, kò lè kọjá. Nígbà tí bàbá mi gbé lọ́rì náà síbẹ̀, ọ̀nà fẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́tàlá ni ìdọ̀tí ti ń kó jọ sí ìdí táyà rẹ̀ tí ó sì dí ojú àgbàrá. Àgbàrá yà sí òdì kejì, ó sì gbẹ́ ọ̀nà náà títí ó fi di kòtò. Ohun tí ó kù kò ju èyí tí ọ̀kadà lè gbà lọ. Onímọ́tò gbìyànjú, táyà rẹ̀ ré sínú kòtò, ọkọ̀ dá ikùn dé ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti lọ́rì, lọ́rì kò mira; àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì sínú ilẹ̀. Wọ́n gbé obìnrin náà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò, wọ́n gbé e gba inú ẹrẹ̀ dé ojú títì, wọ́n sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi rí ọkọ̀ mìíràn. Ó lé ní wákàtí méjì. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí wọ́n tó dé Kábà. A rí ìyá gbà; a kò rí ọmọ gbà.

Kò sí ẹni tí ó lè búra pé bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ ọmọ náà ì bá yè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè búra fún mi pé kò ní yè.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó tún pè mí. Kò bá mi jà. Ó sọ bí ó ti rí, ó sì ní, "Ó kù sí ọ lọ́wọ́." Ní ọjọ́ kẹta mo wà ní Òkè-Bùkún. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí mo pàdé ni ọkọ obìnrin náà, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń ti oko bọ̀. Ó kí mi: "Ọ̀kun o." Mo dáhùn. Kò sọ ohun kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì bàbá mi, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn kí aṣọ rẹ̀ má baà kan ìpẹtà rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ní alẹ́, ẹbí pé jọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìyá ní kí n dúró ná. Wọ́n wọ inú ilé lọ, wọ́n gbé àpótí kan jáde, wọ́n sì mú aṣọ ìpo jáde láti inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ Bùnú mọ aṣọ yìí, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àwọn ìjòyè wa. Òkìkí rẹ̀ ti kan dé òkè òkun. Ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, Elisha Renne, kọ ìwé jáde lórí aṣọ Bùnú ní ọdún 1995, ó sì pè é ní aṣọ tí kì í kú. Ìyá tẹ́ aṣọ náà lé itan, wọ́n ní, "Ẹ wò ó. Ó ti pẹ́ ju gbogbo yín lọ. Inú àpótí ni ó ń gbé. Bí a bá ní òkú ńlá, a mú un jáde, a lò ó, a tún ká a padà. Bí a ti ń tọ́jú ohun òkú nìyí. Èwo ni ti irin tí ẹ fi síta nínú òjò, tí ẹ ní ẹ̀ ń bọlá fún bàbá yín?" Kò sí ẹni tí ó fọhùn. Mo wá jẹ́wọ́ apá kejì ẹjọ́ Dáwódù tí mo fi pa mọ́ fún ọdún mẹ́tàlá. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní, "Mo ti fura pé ẹjọ́ kan kì í ní apá kan ṣoṣo."

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a pe àwọn Mọlà tí ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù láti Kábà. Wọ́n gbé iná gáàsì dé, wọ́n gé lọ́rì náà sí wẹ́wẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ejò kan jáde lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé pariwo, ajá gbó o. Ní abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni mo ti rí ìwé kékeré kan tí bàbá mi ń kọ iye iṣu àti orúkọ àwọn tí ó ni ín sí. Ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Owó tí àwọn Mọlà san kò tó ìdá mẹ́ta èyí tí oníbàárà Lọ́kọ́ja fẹ́ san ní 2008. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ìdí igi, kò sí ẹni tí ó dárúkọ orí-ò-jorí. Òkúta ni a fi owó náà rà, a dí kòtò, a sì tún ojú àgbàrá là padà sí ibi tí ó wà nígbà ayé bàbá mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe ọ̀rọ̀ yìí. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1999, ní Àfikún rẹ̀ Kẹrin, gbé títún ojú ọ̀nà àdúgbò ṣe, ibùdókọ̀ àti kíkó pàǹtírí lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí ẹkún akúrẹtẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASTMA sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó sì ṣe òfin ìrìnnà ọkọ̀ ní ọdún 2012. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tí a pa tì níbẹ̀, wọn a máa lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn, wọn a fún olówó rẹ̀ ní ọjọ́, bí kò bá sì gbé e, wọn a wọ́ ọ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1967 kan ni ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú láti máa kó ọkọ̀ tí a pa tì kúrò ní ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí wọ́n pèsè ibi tí ẹni tí kò fẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ lè gbé e lọ, kí ó má baà jù ú sí ojú ọ̀nà. Ní Japan, láti ọdún 1962 ni òfin ti wà pé kí ẹni tí ó fẹ́ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìlú ńlá kọ́kọ́ fi hàn pé òun ní ibi tí òun yóò máa gbé e sí, ibi náà kò sì gbọdọ̀ jìnnà ju kìlómítà méjì sí ilé rẹ̀ lọ. Èyí wù mí púpọ̀. Àwa ń ra ẹṣin kí a tó ronú ibùjẹ ẹran. Àwọn ń béèrè ibùjẹ kí ẹṣin tó dé.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó fún àwa. Lọ́rì bàbá mi kò dúró ní Òkè-Bùkún nítorí àìsí òfin. Èmi tí mo mọ òfin ni mo dá a dúró. Nítorí náà, ní ìpàdé ẹbí ọdún 2021, a fi ẹnu kò sí ohun mẹ́ta. Èkíní, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá kú tí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí a tó tú ká ní ibi òkú ni a ó ti dárúkọ ẹni tí yóò gbé e kúrò ní ojú ọ̀nà, gbígbé e kò sì ní sọ pé òun ni ó jogún rẹ̀. Èkejì, ọkọ̀ tí kò bá rìn fún oṣù mẹ́fà yóò wọ inú àgbàlá, bí àgbàlá kò bá sì gbà á, a ó tà á. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ó dí ọ̀nà wa, àgbà méjì ni yóò kọ́kọ́ lọ bá a ní ilé rẹ̀, wọn yóò jókòó, wọn yóò bi í ní ohun tí ó dá ọkọ̀ náà dúró, kí a tó kọ ìwé kankan sí i.

Ẹ̀kẹta yìí mú mi rántí bàbá Tánkẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 mo lọ kí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ìtàn lọ́rì bàbá mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní n kò wá bẹ̀ ẹ́ nítorí pé a wọ́ ọkọ̀ rẹ̀, nítorí ó yẹ kí á wọ́ ọ. Mo wá nítorí ẹ̀rín tí mo fi í rín. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mo dí ọ̀nà. Ojú tì mí lójoojúmọ́ tí mo bá rí i. Ẹni tí yóò bá mi tì í ni n kò rí, nítorí àwọn ọmọ mi kò sí nítòsí, ẹ kò sì bi mí." Mo béèrè ìyàwó rẹ̀, pé n óò fẹ́ kí wọn. Ó ní ó ti di ọdún mẹ́fà tí ó ti kú.

Pákó iwájú lọ́rì bàbá mi wà ní yàrá mi ní Ìlọrin nísinsìnyí. Ọ̀dà pupa rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n a ṣì lè ka ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá kí mi a máa bi mí léèrè ìdí tí òwe náà kò fi parí. Mo máa ń sọ fún wọn pé pákó kò gùn tó, pé bàbá mi gbà pé ẹni tí ó bá rí i yóò parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá pa ìwé yìí dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, kí ẹ tó wo ti aládùúgbò.